Àwọn ilé koríko Milton Abbas, àti ọkùnrin tí kò fẹ́ máa rí wọn

Ẹni tó bá dàgbà nínú ilé tí àǹtí tàbí bùrọ̀dá kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù yóò mọ agolo bisikíìtì yẹn. Wọ́n á ti jẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ tán láti Kérésìmesì, abẹ́rẹ́ àti òwú ni yóò wá máa gbé ibẹ̀ títí ayé. Àwòrán orí ìdérí rẹ̀ kì í sábà yàtọ̀: ilé funfun kékeré, òdòdó lẹ́nu ọ̀nà, àti òrùlé koríko tó nípọn, tó sọ̀ kalẹ̀ débi pé ó fẹ́ bo fèrèsé òkè lójú. Ohun tí àwòrán náà ń sọ ni pé báyìí ni ìgbèríko Gẹ̀ẹ́sì ṣe rí láti ìgbà ìwáṣẹ̀, pé ilé wọ̀nyí hù látinú ilẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó pàṣẹ pé kí wọ́n wà.

Abúlé kan wà ní Dorset, ní gúúsù England, tó yẹ fún irú ìdérí bẹ́ẹ̀ ju ọ̀pọ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ àṣẹ ẹnì kan ṣoṣo ló mú un wà. Milton Abbas lorúkọ rẹ̀. Òpópónà kan ni. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú àfonífojì láàárín igbó, ó sì ń yí díẹ̀díẹ̀ bó ti ń lọ, tó fi jẹ́ pé ẹni tó dúró lókè kò lè rí ìsàlẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan. Ilé 36 ló tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lọ́tùn-ún lósì. Amọ̀ ni ògiri wọn, wọ́n kùn wọ́n ní funfun, koríko ló wà lórí, pápá kékeré tí wọ́n gẹ̀ mọ́lẹ̀ ló wà níwájú. Èèyàn lè fi okùn wọn àlàfo tó wà láàárín ilé kan sí ìkejì kó má rí ìyàtọ̀ tó fi bẹ́ẹ̀ pọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kan, tó ṣe bíríkìlà n'Íbàdàn kó tó wá sílùú òyìnbó, ló bá mi lọ síbẹ̀. A ò tíì rìn jìnnà tó fi dúró, ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀, ó ní, "Àbúrò, èyí kì í ṣe abúlé o. Ẹ̀sìtéètì lèyí."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Abúlé tó bá dàgbà fúnra rẹ̀, ilé kan á kọjú sọ́nà, òmíràn á kọ̀yìn sí i, ti ọmọ á lẹ̀ mọ́ ti bàbá, ẹni tó bá rí towó ṣe á fi yàrá kún tirẹ̀, kò sì ní bi aládùúgbò léèrè. Ní Milton Abbas, orí ìwé ni wọ́n ti ya gbogbo rẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀ àkọ́kọ́.

Kó tó di pé abúlé yìí wà, ìlú ọjà kan wà nítòsí tó ń jẹ́ Middleton. Ọba Athelstan ló dá ilé àwọn mọ́ńkì sílẹ̀ níbẹ̀ ní àwọn ọdún 900, ìlú sì dàgbà yí i ká. Nígbà tí Ọba Henry Kẹjọ ń tú àwọn ilé mọ́ńkì ká, wọ́n ti èyí náà pa ní 1539, Sir John Tregonwell sì rà á. Ìlú kò torí ìyẹn tú. Ó ju 100 ilé lọ, ó ní ilé ìwé, ilé ọtí, ibi tí wọ́n ti ń pọn bíà, ṣọ́ọ̀bù, àti ọjà tó ní ọjọ́ tí wọ́n ń ná an.

Ní 1752 ni Joseph Damer wá ra gbogbo ilẹ̀ náà. Ọlọ́rọ̀ ni, kò pẹ́ tó fi di Lọ́ọ̀dù Milton, ìgbà tó yá ó gba oyè tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, Earl of Dorchester. Ó fẹ́ kọ́ ilé ńlá tó tó oyè sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ àwọn mọ́ńkì. William Chambers, ọkùnrin kan náà tó ya Somerset House ní Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n pè láti ya á. Lancelot Brown, tí wọ́n ń pè ní "Capability" Brown, ni wọ́n gbé ilẹ̀ fún. Iṣẹ́ Brown ni pé kó wa ilẹ̀, kó gbin igi, kó sé odò di adágún, kí gbogbo rẹ̀ sì wá dà bí ohun tí ọwọ́ èèyàn kò kàn rí. Ohun kan ṣoṣo tó ń bá iṣẹ́ náà jẹ́ ni pé ìlú odidi wà níwájú fèrèsé: ariwo ọjà, èéfín ìdáná, òórùn ọtí tó ń hó, ọmọ ilé ìwé tó ń pariwo. Damer pinnu pé ìlú ni yóò kúrò.

Kò lè lé wọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìwé àdéhùn wà lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ilé wọ̀nyẹn, ìwé kọ̀ọ̀kan sì ní ọjọ́ tí yóò parí. Bí ti ẹnì kan bá ti parí, Damer á gba ilé náà, á wó o, á tún máa retí ti ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣe é. Láti kó ilé ìwé kúrò, ó ní láti gba òfin ní Ilé Aṣòfin, wọ́n sì gbé e lọ sí Blandford ní 1785. Lọ́yà kan wà nínú ìlú, William Harrison, tó kọ̀ jálẹ̀ pé ìwé ilé òun kò tíì parí, òun kò lọ síbì kan. Ìtàn tí wọ́n ń sọ títí dòní ni pé Damer ní kí wọ́n ṣí ìdènà adágún àwọn mọ́ńkì sórí rẹ̀, kí omi bá òun lé e jáde. Harrison gbé e lọ sí kóòtù, ó sì jàre.

Kì í ṣe àánú ló kọ́ abúlé tuntun, lójú tèmi. Ilé ńlá ń fẹ́ àwọn tí yóò máa roko, tí yóò máa fọ aṣọ, tí yóò máa tọ́jú ẹṣin, wọ́n sì gbọ́dọ̀ rí ibi sùn. Ní 1780, ilé ti wà nílẹ̀ fún wọn. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ́ wọn sí: inú àfonífojì tí igi bò, lẹ́yìn òkè, níbi tí ẹni tó jókòó nínú ilé ńlá kò ti lè rí òrùlé kan ṣoṣo. Ilé 36 ló rọ́pò èyí tó ju 100 lọ. Ilé kọ̀ọ̀kan tó dà bí ilé ẹnì kan lójú àlejò, ìdílé méjì ni wọ́n ṣe é fún, ẹnu ọ̀nà àárín kan náà ni àwọn méjèèjì sì ń gbà wọlé kí oníkálukú tó yà sí tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Face-me-I-face-you ni wọ́n kọ́, wọ́n wá fi òdòdó bò ó."

Wọ́n gbin igi chestnut sí àárín ilé kan sí ìkejì, wọ́n gé wọn lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Ilé àwọn arúgbó aláìní tó ti wà ní Middleton láti 1674, wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n gbé e wá, wọ́n tún un tò. James Wyatt ló ya ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní ọ̀kánkán rẹ̀, wọ́n sì yà á sí mímọ́ ní 1786. Ní ti Damer fúnra rẹ̀, ìran rẹ̀ kò pẹ́ lórí oyè: ọmọ rẹ̀ àgbà pa ara rẹ̀ ní 1776 nítorí gbèsè, èyí tó jogún rẹ̀ kú ní 1808 láìní ọmọ.

Ògiri ló gba ẹ̀gbọ́n mi lọ́kàn ju gbogbo ìtàn yìí lọ. Amọ̀ ni, amọ̀ tí gbogbo wa mọ̀. Wọ́n á wa èyí tó wà lábẹ́ ilẹ̀ dúdú, wọ́n á da omi àti pòròpórò àlìkámà sí i, èèyàn tàbí màlúù á tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi fà dáadáa. Wọ́n á wá máa mọ ọ́n lé ìpìlẹ̀ òkúta ní ìpele-ìpele, kì í ju bí ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó fi í sílẹ̀ kó gbẹ. Kò sí pákó tí wọ́n fi há a mọ́. Ibi tó bá yọ gọngọ, ṣọ́bìrì ni wọ́n fi ń gé e kó dọ́gba. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń mọ ògiri nílẹ̀ Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi ọwọ́ pa ògiri onílé, ó ń kan án kó gbọ́ ohùn rẹ̀, títí mo fi ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ, kí wọ́n má pe ọlọ́pàá sí wa."

Àwọn ará Devon, tó bá Dorset pààlà, máa ń sọ pé ohun tí ilé amọ̀ ń fẹ́ kò ju fìlà tó dára àti bàtà tó dára. Bàtà ni ìpìlẹ̀ òkúta tí kì í jẹ́ kí omi ilẹ̀ gòkè wọ ògiri. Fìlà ni òrùlé, ìdí sì nìyẹn tí etí òrùlé koríko fi máa ń yọ jáde jìnnà. Ilé koríko kì í sábà ní páìpù tó ń gba omi òjò. Ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ já sílẹ̀ níbi tí kò ti ní ta sí ògiri lára. Kí àwọ̀ ògiri má di ìṣòro, ẹfun ni wọ́n fi ń kùn ún, nítorí ẹfun ń jẹ́ kí ọ̀rinrin tó wà nínú amọ̀ ráyè jáde. Nígbà tí sìmẹ́ǹtì dé, ọ̀pọ̀ onílé rò pé àwọn ti rí oògùn. Wọ́n fi rẹ́ ògiri amọ̀ gbọinrin-gbọinrin. Sìmẹ́ǹtì a máa là, omi á gba ojú ìlà wọlé, kò ní ríbi jáde, amọ̀ inú á máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ògiri á fi ṣubú lójijì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i pé ó ń ṣàìsàn. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ èyí, ó ní òun náà ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ilé amọ̀ bíi mélòó kan n'Íbàdàn, kó lè dà bí ilé bíríkì. Ó ní onílé ló ní kí òun ṣe é, owó lòun sì gbà.

Bí a bá gbé ojú sókè, ọgbọ́n tó wà nínú òrùlé kò kéré rárá. Koríko kì í dá omi dúró bí páànù ṣe ń dá a dúró. Ó ń jẹ́ kí omi wọlé, àmọ́ díẹ̀ báyìí. Wọ́n to igi koríko náà léra, gbogbo rẹ̀ kọ sísàlẹ̀. Ẹ̀kán òjò á bọ́ sórí ọ̀kan, á yọ̀ bọ́ sórí èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, báyìí-báyìí títí yóò fi já bọ́ ní etí òrùlé. Bí òrùlé bá dagun tó, bí ìwọ̀n 50 digírì, òjò á ti sá lọ kó tó rì wọ inú ju ìbú ìka méjì lọ, ìyókù á wà ní gbígbẹ. Bó bá tẹ́ jù, omi á jókòó, koríko á jẹrà. Gbogbo gíga òrùlé tó ń dùn mọ́ ayàwòrán nínú, òjò ló fà á.

Koríko náà kì í ṣe irú kan. Ní Norfolk, ní ìlà-oòrùn England, níbi tí irà pọ̀ sí, èyí tó ń hù létí omi ni wọ́n ń gé nígbà òtútù. Ó le, ó lè lo 40 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Dorset àti Devon, pòròpórò àlìkámà ló pọ̀ jù látijọ́, tí wọ́n yà kí igi rẹ̀ má fọ́, tí ìdí gbogbo rẹ̀ sì kọ sí ọ̀nà kan. Ìyẹn lè lo bí 25 sí 40 ọdún. Irú kẹta ni pòròpórò gígùn tí wọn kò yà, tó máa ń rí gbùngbùn lójú, tí kì í pẹ́ tó méjì ìṣáájú. Orí góńgó, níbi tí ìhà méjèèjì ti pàdé, ló ń kọ́kọ́ bàjẹ́, wọ́n sì máa ń tún un ṣe lẹ́yìn bí ọdún 10 sí 15. Ẹ̀ka igi hazel tí wọ́n là, tí wọ́n lọ́ láàárín kó lè tẹ̀ láìṣẹ́, ni wọ́n fi ń kan gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀: wọ́n á tẹ ẹ̀ka náà po, wọ́n á gún ẹnu rẹ̀ méjèèjì wọ inú koríko tó wà nísàlẹ̀.

Inú koríko tó wà nísàlẹ̀, mo wí. Bí ó bá ṣeé ṣe, àwọn tó ń bolé kì í ṣí gbogbo òrùlé kúrò. Èyí tó ti gbó lókè ni wọ́n ń há dànù, wọ́n á fi tuntun lé ìyókù. Ohun tí èyí bí ní Devon wù mí débi pé mi ò lè fò ó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gbé wa kúrò ní Milton Abbas fún ìgbà díẹ̀. Ilé àwọn àgbẹ̀ níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1400 kò ní ihò èéfín. Àárín gbọ̀ngán ni wọ́n ń dáná sí, èéfín á gòkè, á gba inú òrùlé jáde. Nígbà tí àwọn ọmọ wọn wá kọ́ ihò èéfín lẹ́yìn náà, òrùlé dúdú yẹn kò kúrò níbẹ̀. Wọ́n kàn ń bò ó lórí ni, ìran dé ìran. Títí dòní, ẹni tó bá gun òkè àjà àwọn ilé kan ní Devon yóò rí koríko tó dú kirikiri, tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà yẹn, èérí èéfín ni kò jẹ́ kí kòkòrò jẹ ẹ́. Onímọ̀ kan, John Letts, tú u wò, ó sì kọ ìwé ìwádìí jáde nípa rẹ̀ ní 1999. Orí àlìkámà ṣì wà lára àwọn mìíràn, èpò oko sì wà láàárín wọn. Àlìkámà ìgbà náà ga fíofío, oríṣiríṣi rẹ̀ ni wọ́n sì ń gbìn pọ̀ sí oko kan ṣoṣo.

Ti òde òní kúrú. Wọ́n sọ ọ́ di kúkúrú kó lè so púpọ̀ láìṣubú, ẹ̀rọ ìkórè sì ń lọ igi rẹ̀ wúruwùru. Ìyẹn kò wúlò fún òrùlé. Àwọn tó ń bolé lónìí ní láti wá àgbẹ̀ tí yóò gbin irú àtijọ́ fún wọn, tí yóò fi ẹ̀rọ ayé ọjọ́un kó o, àwọn mìíràn sì ń gbìn ín fúnra wọn. Bí òjò bá ba ìkórè jẹ́ lọ́dún kan, kò sí pòròpórò nìyẹn.

Òrùlé koríko kì í ṣe ohun àmúyangàn látijọ́. Lọ́ńdọ̀nù ti fi òfin dè é láti 1212 nítorí iná. Nígbà tí wọ́n tún Globe, gbọ̀ngán eré Shakespeare, kọ́ tí wọ́n ṣí i ní 1997, òun ni ilé àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà láàyè kó ní òrùlé koríko ní ìlú náà láti ìgbà iná ńlá tó jó Lọ́ńdọ̀nù ní 1666. Ní ìgbèríko, nígbà tí rélùwéè bẹ̀rẹ̀ sí í kó òkúta síléètì wá láti Wales lówó pọ́ọ́kú, gbogbo ẹni tó bá rówó ló pa koríko tì. Ẹni tí kò ní ló kù lábẹ́ rẹ̀. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́ ńkọ́, koríko bẹẹrẹ ni àwọn ìlú ń gbé wá fún Aláàfin nígbà ọdún Bẹẹrẹ kí wọ́n fi tún òrùlé ààfin ṣe, ó sì jẹ́ àmì pé wọ́n ń sìn ín. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé koríko orí kọ̀bì ààfin jẹ́ ti tálákà. Lẹ́yìn náà páànù dé, ààfin pàápàá gbà á, ilé koríko sì di ilé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó páànù. Ti England ti yí padà sí òdìkejì. Ìdílé Hambro, àwọn oníbáǹkì, ra Milton Abbas ní 1852, orúkọ wọn ṣì wà lára ilé ọtí abúlé náà. Ní 1932 wọ́n tú ilẹ̀ náà tà. Ilé tí wọ́n kọ́ fún ìdílé alágbàṣe méjì ti di ilé ìdílé kan tó lówó lọ́wọ́. Lẹ́yìn ọdún méjì-méjì, wọ́n ń ṣe ọjà àjọ̀dún lójú pópó, wọ́n á wọ aṣọ ayé Damer, wọ́n á sì jó. Mi ò ní kí wọ́n má jó. Mo kàn ń rò ó pé, nínú aṣọ yẹn, ta ni wọ́n ń ṣe bí ẹni jẹ́: ẹni tó lé ni, àbí ẹni tí wọ́n lé?

Òfin ló ń dáàbò bo abúlé náà báyìí. Láti 1947 ni ìjọba ti ń kọ orúkọ àwọn ilé tó ní ìtàn sínú ìwé kan, ilé tó bá sì ti wọ inú rẹ̀, onílé kò gbọdọ̀ yí i padà láìgba àṣẹ. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ilé ẹjọ́ lè fìyà jẹ ènìyàn fún ni. Kò lè fi síléètì rọ́pò koríko, kò lè gbẹ́ fèrèsé tuntun, àwọn ibì kan sì wà tí ìjà ti ṣẹlẹ̀ torí pé onílé fẹ́ lo koríko omi dípò pòròpórò. Owó tí yóò fi bo ilé náà ńkọ́? Àpò rẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ yìí la ń bá bọ̀ nínú mọ́tò. Ẹ̀gbọ́n mi ní òfin náà dáa, pé ká ní irú rẹ̀ wà n'Íbàdàn ni, ọ̀pọ̀ ilé tí òun fi ọwọ́ ara òun wó ì bá ṣì wà nílẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, Damer ló yan òrùlé fún wọn nígbà yẹn, ìjọba ìbílẹ̀ ló ń yàn án fún wọn báyìí. Ìgbà wo ni wọ́n wá ni ilé?" Ó ní kò rí bákan náà: ti ìsinsìnyí, wọ́n á kọ̀wé sí ọ, o sì lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Mo rán ẹ̀gbọ́n mi létí pé Harrison náà pe ẹjọ́, ó sì jàre, ìlú rẹ̀ ṣì pa rẹ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Àmọ́ ṣé Harrison san ìnṣọ́ránsì òrùlé koríko rí?"